Zenith kì í ṣe bánkì nìkan: ohun tí ojú mi rí lórí Etymonline

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ èyí, iná ni ò jẹ́, tí iná bá dé fóònù á ti kú, tí fóònù bá yè dátà á ti tán, ṣùgbọ́n lónìí gbogbo ẹ̀ pé síbi kan. Ọ̀rọ̀ wẹ́ẹ̀bùsáìtì kan ni mo fẹ́ sọ, Etymonline ni wọ́n ń pè é, ibi téèyàn ti lè mọ ìdí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ta ló bí i, ta ló gbà á tọ́, ta ló yí orúkọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ni mo ti wò níbẹ̀ báyìí ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ni mo fi dán wọn wò dójú àmì, zenith, torí ọ̀rọ̀ yẹn ló dójú tì mí níwájú àwọn ọmọ.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìnnì nírọ̀lẹ́ níbí n'Ìbàdàn, jọ́gíráfì àti Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó fẹ́ ṣe WAEC. Lọ́jọ́ kan a ń sọ̀rọ̀ nípa bí oòrùn ṣe ń rìn lójú ọ̀run, mo bá kọ zenith sójú pátákó. Ọmọ kan wà tó máa ń jókòó lẹ́yìn, ẹnu ẹ̀ kì í sinmi, ó nawọ́ sókè, ó ní "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé bánkì yẹn náà ni?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo ní rárá o, ọ̀gangan orí rẹ lójú sánmà ni, tó o bá dúró, tó o wá na ìka sókè gbọnrangandan, ibi tí ìka yẹn kọjú sí gan-an ni. Ó tún ní "Kí ló dé tí wọ́n wá ń pè é ní zenith sà?" Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sójú pátákó, mi ò bi ara mi rí. Mo ní Látìn ni. Ẹ má dá mi lóhùn, gbogbo tíṣà tí ọ̀rọ̀ bá ti pa lẹ́nu mọ́, Látìn ló máa ń sá wọ̀.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn, áàpù kan ni mo kọ́kọ́ wà sórí fóònù, mi ò ní dárúkọ wọn, díkíṣọ́nárì ńlá ni wọ́n pe ara wọn. Ọjọ́ méje àkọ́kọ́ ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ wọ́n ní kí n fi nọ́ńbà káàdì mi síbẹ̀ ná, mo sì fi síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fọwọ́ bà. Mo tẹ zenith. Ohun tí wọ́n kọ ò ju ìlà méjì lọ, pé ibi tó ga jù ni, pé láti inú Lárúbáwá ló ti gba inú Látìn wá. Ó tán. Kí ni Lárúbáwá ń pè é? Kí ló túmọ̀ sí lọ́dọ̀ wọn? Wọ́n ní tí mo bá fẹ́ kà sí i kí n sanwó. Mo pa á dé, mo gbàgbé ẹ̀, nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ álẹ́ẹ̀tì wọlé láago mẹ́fà ìdájí, wọ́n ti gé owó, owó tí mo fẹ́ fi ra gáàsì. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo mọ ìtumọ̀ zenith, torí ibẹ̀ ni ìbínú mi dé.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní láíbìrì ló ní kí n yé pariwo, kí n lọ sí Etymonline, kò gba kọ́bọ̀. Mo wọlé síbẹ̀, wọn ò bi mí lórúkọ, wọn ò bi mí ní káàdì, mo tẹ ọ̀rọ̀ mi, ó jáde. Ọ̀gbẹ́ni Douglas Harper, ará Pennsylvania l'Amẹ́ríkà, ló dá a sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000 wọ̀nyẹn, ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé ló ń tú, tó ń kó wọn jọ sójú kan. Kẹ́ ẹ mọ̀ o, kì í ṣe díkíṣọ́nárì gangan, tó bá jẹ́ ìtumọ̀ tí wọ́n ń lò lónìí lẹ ń wá ẹ lè má gbádùn ẹ̀. Ìtàn ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ tiwọn, ohun tó túmọ̀ sí nígbà ìwáṣẹ̀ àti ọdún tó kọ́kọ́ yọjú nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ lásán ló sì kún ojú ewé ẹ̀, kì í ṣe fídíò, dátà tí mi ò lè fi wo fíìmù ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo fi ka nǹkan gbogbo alẹ́ yẹn.

Ó yá, kí ni wọ́n wá sọ nípa zenith? Ẹ fìdí mọ́lẹ̀.

Wọ́n ní ìparí sẹ́ńtúrì kẹrìnlá ló wọ inú Gẹ̀ẹ́sì. Láti Faransé àtijọ́ ni Gẹ̀ẹ́sì ti gbà á, cenith ni wọ́n ń kọ ọ́ lọ́hùn-ún. Faransé gbà á lọ́wọ́ Látìn ìgbà yẹn, cenit tàbí senit. Látìn wá gbà á lọ́wọ́ Lárúbáwá, ọ̀rọ̀ Lárúbáwá náà sì ni samt. Samt túmọ̀ sí ọ̀nà. Tí wọ́n bá pè é ní kíkún, samt ar-ra's ni, ìyẹn ọ̀nà orí, ọ̀nà tó gba òkè orí èèyàn kọjá. Mo ní kí ló dé tí mi ò mọ èyí látọjọ́ yìí! Ọ̀gangan orí tí mo sọ fún ọmọ yẹn ní Yorùbá, ohun tí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ Lárúbáwá sọ gẹ́lẹ́ nìyẹn, Gẹ̀ẹ́sì tó wà láàárín wa ni ò jẹ́ ká mọra.

Ibi tó dùn jù ń bọ̀. Báwo ni samt ṣe di senit? Wọ́n ní àwọn akọ̀wé ló ṣì í kọ, wọ́n ka m sí ni, ìyẹn lẹ́tà n àti i. Mo kọ́kọ́ wo gbólóhùn yẹn bí ẹni wo ìyanu, báwo lèèyàn ṣe máa ka m sí ni? Mo bá mú bírò, mo fà á sí bébà. Lẹ́tà m, igi kékeré mẹ́ta ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Lẹ́tà n, igi méjì. Lẹ́tà i, igi kan. Méjì àti kan, mẹ́ta. Láyé ìgbà yẹn, ọwọ́ làwọn èèyàn fi ń kọ ìwé, wọn kì í sì í fi tó-tó sórí i bíi tiwa, kí lẹ wá fẹ́ fi mọ̀ bóyá m ni wọ́n kọ àbí n àti i? Ẹnì kan kọ samt sílẹ̀, ẹlòmíì rí igi mẹ́ta, ó kà á sí sanit, wọ́n dà á kọ dà á kọ títí ó fi di senit, ó di cenit. Wọ́n tún ní ó lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ Látìn kan, semita, tó túmọ̀ sí ọ̀nà ẹ̀bá, ló tún dá kún un, bóyá wọ́n rò pé mọ̀lẹ́bí ni wọ́n. Lè jẹ́ ni wọ́n sọ o, wọn ò tẹ́sẹ̀ mọ́ ọn. Mo fẹ́ràn ìyẹn, ẹni tó bá mọ̀wé máa ń mọ ibi tó yẹ kó ti rọra sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ igi mẹ́ta yìí wọ̀ mí lára ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Orúkọ bàbá mi ni Jimoh. Nígbà tí mo fẹ́ gba káàdì kan nílé iṣẹ́ ìjọba kan, akọ̀wé tó da orúkọ mi kọ láti inú fọ́ọ̀mù tí mo fọwọ́ kọ ní èmi ni Jinioh. JINIOH! Bí orúkọ ẹ̀mí àìrí. M di ni, igi mẹ́ta kan náà. Mo lọ sí kóòtù lọ búra, mo san owó àfídáfíìtì, mo gbé e sínú ìwé ìròyìn, mo pààrà ibẹ̀ nígbà mẹ́rin kí Jimoh tó padà di Jimoh. Ọ̀rọ̀ samt ò rẹ́ni bá a lọ sí kóòtù ní tiẹ̀, bó ṣe di Jinioh títí ayé nìyẹn, ó ti lé ní ẹgbẹ̀ta ọdún báyìí.

Àmọ́ èmi náà ò fẹ́ gba ohun tí mo kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀, mo bá mú fóònù mi, mo lọ bá Àáfà tó wà ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wa, ilé kéwú wọn ò jìnnà sí wa. Mo ní "Àáfà, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ra's?" Wọ́n ní orí ni. "Samt ńkọ́?" Wọ́n ní ọ̀nà ni, tàbí ìhà tí nǹkan kọjú sí. Mo ka ìtàn igi mẹ́ta fún wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú wọn, wọ́n kọ ọ́ sórí wàláà fún mi, síìn, míìmù, táà, wọ́n ní kí n wo míìmù dáadáa, kókó kékeré ló jẹ́ láàárín ọ̀rọ̀, kò ní igi kankan, kò jọ ohun tí wọ́n lè kà sí méjì. "Kì í ṣe lọ́dọ̀ wa ló ti bàjẹ́ o, kẹ́ ẹ bá mi sọ fún wọn." Òótọ́ ni, inú lẹ́tà Látìn ni àṣìṣe yẹn ti ṣẹlẹ̀. Mo wá bi wọ́n pé kí ló dé tó jẹ́ ar-ra's, tí kì í ṣe al-ra's, wọ́n ní torí lẹ́tà ráà wà nínú àwọn tí wọ́n ń pè ní lẹ́tà oòrùn, tí al bá ti pàdé wọn, láámù inú ẹ̀ á wọlé sínú wọn. Ọ̀rọ̀ oòrùn lá ń sọ, lẹ́tà oòrùn náà tún dá sí i.

Àáfà ló tún rán mi létí ìrun Àílà. Wọ́n ní kì í ṣe ìgbà tí oòrùn bá wà lókè gan-an lèèyàn ń kírun, àfìgbà tó bá ti yẹ̀ díẹ̀ kúrò níbi tó ga sí jù, nígbà yẹn ni àkókò ẹ̀ ń wọlé. Ẹni tó máa kírun lásìkò gbọ́dọ̀ mọ ibi tí oòrùn wà, ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ káwọn ọ̀mọ̀wé Lárúbáwá fi tọkàntọkàn ṣiṣẹ́ lórí ojú ọ̀run nígbà náà. Nígbà tó wá di sẹ́ńtúrì kejìlá làwọn ará Yúróòpù ń wọ́ lọ sí Toledo ní Spéìn láti túmọ̀ ìwé wọn sí Látìn, irú Gerard ará Cremona tó kú lọ́dún 1187, ìwé rẹpẹtẹ lòun nìkan túmọ̀. Ẹnu ọ̀nà yẹn ni ọ̀rọ̀ bíi zenith gbà wọlé, kì í ṣe òun nìkan, orúkọ ìràwọ̀ pọ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú, Algol wà níbẹ̀, orí ànjọ̀nú ni ìtumọ̀ ẹ̀, ra's yẹn náà ló ṣáájú ẹ̀ kó tó já bọ́ sọ́nà.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ ṣàlàyé torí èmi náà ti ń ṣì í sọ tẹ́lẹ̀. Zenith kì í ṣe ibi tí oòrùn ga dé lọ́jọ́ kan. Ọ̀gangan orí ẹni ni, oòrùn ì báà wà níbẹ̀ ì báà má sí. Tèmi n'Ìbàdàn ò dà bíi tẹni tó wà ní London, kálukú ló gbé tiẹ̀ rù, tó o bá gbẹ́sẹ̀ ó ń bá ẹ lọ. Níbi tá a wà yìí, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni oòrùn máa ń wá síbẹ̀ gan-an. N'Ìbàdàn, ó máa ń jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 8 oṣù kẹrin, á tún padà wá ní nǹkan bí ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án, aago kan á ku bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo ṣe é pẹ̀lú àwọn ọmọ lóṣù kẹrin, a gbé pẹ́ńsù dúró lórí tábìlì nínú àgbàlá, òjìji ẹ̀ ń kéré, ó ń kéré, ó wọ abẹ́ pẹ́ńsù lọ, kò sí mọ́. Àwọn ọmọ figbe ta. Èyí tó ń jókòó lẹ́yìn ní oòrùn ti jẹ òjìji tán. Ní London ẹ ò lè rí èyí láéláé o, kódà ní oṣù kẹfà tí oòrùn wọn ga jù, kò ju dìgírì 62 lọ, 90 ló yẹ kó jẹ́. Ó pa mí lẹ́rìn-ín, torí Chaucer, akéwì Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́ tó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lo ọ̀rọ̀ yìí ní Gẹ̀ẹ́sì, nínú ìwé tó kọ fún ọmọ ẹ̀ Lewis ní nǹkan bí ọdún 1391 nípa irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀, ọmọ London ni, oòrùn ò fìgbà kan kan òun ní àtàrí nílé ẹ̀. Àwa tó ń kàn lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, a sọ ọ́ di bánkì. Ṣùgbọ́n bánkì náà ò jẹ̀bi o, wọ́n ní láti nǹkan bí ọdún 1600 làwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń lo zenith fún orí òkè téńté tí nǹkan tàbí èèyàn dé, ìtumọ̀ yẹn ló wà lára pátákó wọn.

Ohun tó tún jẹ́ kí n fẹ́ràn ibẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ kan á ti ẹ lọ bá ìkejì. Abẹ́ zenith ni mo wà tí mo fi bá nadir pàdé, ìyẹn ọ̀gangan ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ ẹni, ìdìkejì zenith. Lárúbáwá náà ni, naẓīr, ohun tó kọjú sí nǹkan mìíì, àwọn yẹn kò ṣì í kọ. Ó kù díẹ̀ kó dìjà ní kíláàsì torí ọmọ kan ń jẹ́ Nasiru, wọ́n ti ń pe ọmọ ọlọ́mọ ní ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀, àfìgbà tí mo lọ bi Àáfà kí n tó rí i pé lẹ́tà ọ̀tọ̀ ló wà láàárín orúkọ tiẹ̀, olùrànlọ́wọ́ ni Nasiru túmọ̀ sí, kò kan nadir rárá. Ẹ bá mi sọ fáwọn òbí tó bá ń kà á. Azimuth náà wà níbẹ̀, ìyẹn ìhà tí oòrùn tàbí ìràwọ̀ wà sí téèyàn bá wò yíká, samt yẹn kan náà ni, àmọ́ ó ti di púpọ̀, as-sumūt, àwọn ọ̀nà. Ọmọ ìyá kan náà ni azimuth àti zenith, ọ̀kan bọ́ sọ́wọ́ akọ̀wé tó mọ̀wé, ìkejì bọ́ sọ́wọ́ èyí tó ń sùn.

Planet, ọ̀rọ̀ Gíríkì ni, alárìnká, torí àwọn ìràwọ̀ yòókù dúró sójú kan náà síra wọn, àwọn yìí ló ń yà kiri. Ìyẹn mú mi rántí àwọn àgbà wa tó ní Àgùàlà, ìyẹn planet Venus, ń bá òṣù rìn, wọ́n ṣebí ajá ẹ̀ ni, wọ́n ti rí i pé ó ń rìn, ẹni tó sọ ọ́ di ajá ló ṣì í. Comet, onírun gígùn. Disaster, ìràwọ̀ tí ò dára. Mi ò ní sọ gbogbo ẹ̀ tán, ẹ lọ wò ó.

Ohun tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kẹ́ ẹ tó wọbẹ̀: Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́ láti òkè délẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì tó ki díẹ̀, wọ́n sì máa ń gé ọ̀rọ̀ kúrú. Tẹ́ ẹ bá rí c. níwájú ọdún, nǹkan bí ni. Tẹ́ ẹ bá rí PIE, ẹ má jẹ́ kébi pa yín, kì í ṣe mítí-páì, èdè àtijọ́ kan ni wọ́n gé kúrú bẹ́ẹ̀, èyí táwọn onímọ̀ ní ó bí Gẹ̀ẹ́sì àti Látìn àti Gíríkì àti èdè Híńdì pàápàá. Lẹ́tà ABD ni wọ́n fi kọ àwọn ọ̀rọ̀ Lárúbáwá, ẹni tó bá fẹ́ rí i bó ṣe rí gan-an kó wá Àáfà tiẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kọ́mọ kékeré nìkan dá wọbẹ̀ tí ìdánwò bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, torí ọ̀rọ̀ á máa fà á lọ, èmi àgbàlagbà ni mo wá zenith lọ láago mẹ́sàn-án, tí mo bá ara mi lórí ọ̀rọ̀ salary àti iyọ̀ láago méjì òru.

Mo fún wọn ní mẹ́rin àtààbọ̀ nínú márùn-ún. Áàpù tó gé owó gáàsì mi, mo ti yọ káàdì mi kúrò, odo ni mo fún wọn, tí odo bá ní nadir kẹ́ ẹ bá mi fi wọ́n síbẹ̀.

Mo padà lọ sọ fáwọn ọmọ o, mo bẹ̀bẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Látìn tí mo pa, mo ya igi mẹ́ta sójú pátákó, mo sọ ìtàn samt láti Toledo títí dé WAEC. Wọ́n gbọ́, wọ́n dákẹ́, inú mi ń dùn. Èyí tó ń jókòó lẹ́yìn nawọ́ sókè.

"Bọ̀ọ̀dá, sà, ṣé tí mo bá wá kọ senit ní WAEC wọ́n máa fún mi ní máàkì?"